Tùyó mẹ́ta lára ògiri ilé ìdáná wa

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ń fi èédú sílẹ̀, tí wọ́n ń ra sítóòfù gáàsì. Àwa náà rà á nílé wa ní Atakpamé. Nígbà tí a sún kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ kúrò nílé ìdáná, a bá tùyó mẹ́ta lára ògiri, páìpù lẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè é. Ọ̀kan jẹ́ irin, ọ̀kan jẹ́ ike, ẹ̀kẹta jẹ́ bàbà tínínrín tí wọ́n ti kùn lọ́dà. A háyà ilé náà ni. Bàbá tó kọ́ ọ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì mọ nǹkan kan nípa tùyó.

Ọmọkùnrin tó wá bá wa so sítóòfù ní ike yẹn ti kú, pé òun yóò fi ayùn gé e kí àyè lè wà. Bàbà ní tirẹ̀, ó ní gáàsì ni, ká sáà so ó mọ́ ọn. A ní, "Àbúrò, dúró ná."

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Ọ̀pá gáàsì kan wà lóòótọ́ tó ti Nàìjíríà gba abẹ́ òkun kọjá Cotonou àti Lomé lọ sí Takoradi ní Ghana, 678 kìlómítà. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni wọ́n ń fi gáàsì rẹ̀ ṣe ní Lomé, kì í wọ ilé ìdáná wa. Inú igò ni tiwa ti ń wá, kìlógíráàmù 6 tàbí 12.5. Nítorí náà, tùyó tí a kò bá mọ̀ nílé, omi ni, tàbí wáyà iná, tàbí ohun tí ẹni tó gbé ibẹ̀ rí fúnra rẹ̀ ṣe. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń bà wá lẹ́rù jù.

Irin kò fún wa ní wàhálà: a bọ́ sẹ́yìn ilé, a rí i tó gun ògiri lọ bá táǹkì omi. Ike la tọ̀ títí dé ìdí kànga, níbi tí ẹ̀rọ tó ń fa omi wà. Oníṣẹ́ iná ṣí àpótí wáyà tó wà níbẹ̀, ó fi tẹ́sítà kàn án, iná tàn. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ayùn gé nìyẹn o!

Bàbà la ògiri já sí abẹ́ fèrèsé, níbi tí ìpẹtà ìdí igò ṣì wà nílẹ̀. Gáàsì ni lóòótọ́. Ìyá wa ní ká lò ó, kí owó má bàa lọ. A kọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó lè rí oríkèé rẹ̀ tó wà nínú símẹ́ńtì. Gáàsì inú igò wúwo tó ìlọ́po méjì atẹ́gùn; bó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń rọra kó jọ sí, títí ẹnìkan yóò fi ṣáná.

Rọ́bà tuntun la rà, èyí tí wọ́n tẹ ọdún ìpààrọ̀ rẹ̀ sí lára. Omi ọṣẹ la fi yẹ oríkèé wò. Ibi tó bá ń jò, ọṣẹ yóò máa hó níbẹ̀. Ẹ má fi ìṣáná wò ó láé. A dí ẹnu bàbà méjèèjì, a sì fi ọ̀dà pupa kọ "gáàsì àtijọ́" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti "iná" sí ẹ̀gbẹ́ ike, fún ẹni tó máa gbébẹ̀ lẹ́yìn wa.