Omi Ògì àti Oògùn Jẹjẹrẹ

Ní ilẹ̀ Haúsá tí a ti ń kàwé yìí, bí inú bá ń yọ wá lẹ́nu, omi ògì la kọ́kọ́ máa ń wá. Bí kò bá sí ògì, a ó ra nónò lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní.

Nígbà tí ìyá ọ̀kan nínú wa ń gba oògùn jẹjẹrẹ ìfun nítòsí wa, ìgbẹ́ gbuuru dá a dùbúlẹ̀. Kóówá wa ní ká gbé omi ògì lọ fún Màámá. Nọ́ọ̀sì tí a sọ fún rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà ná."

Dókítà ṣàlàyé. Oògùn náà ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ rí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni awọ inú ìfun. Ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ gbuuru fi ń wá.

Àwọn àgbà wa kò kúkú purọ́. Bakitéríà tó ń jẹ́ Lactobacillus wà nínú ògì kíkan. Ní 1994, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa kọ̀wé nípa DogiK, ògì tí wọ́n ṣe láti kojú ìgbẹ́ gbuuru. Ní 2007, ìwádìí kan jáde láti Finland lórí 150 aláìsàn jẹjẹrẹ ìfun. Ìgbẹ́ gbuuru líle mú 22 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo Lactobacillus, ó sì mú 37 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò lò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí àjọ Cochrane kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ ní 2018, wọ́n ní ẹ̀rí náà kò tíì lágbára tó.

Ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Oògùn jẹjẹrẹ ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kù, àwọn gan-an ni ọmọ-ogun ara. Bí wọn kò bá pé, bakitéríà tó ń ṣe wá lóore lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, kó di àìsàn. Ti Finland, wọ́n wọ̀n ọ́n. Ta ló mọ omi tí wọ́n fi ṣe ògì ọjà?

Ẹ̀kọ gbígbóná la gbé fún Màámá, pẹ̀lú omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí ilé ìwòsàn fún wa. Iná ti pa bakitéríà inú ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fúnni lágbára. Wọ́n tún kìlọ̀ pé bí ara rẹ̀ bá gbóná, ká má ṣe dúró di ọ̀la.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ìfẹ́ ló ń mú wa gbé ife omi ògì dání. Ká fi ìbéèrè ṣáájú rẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà.