Àwọn Ìyá Ìlá Lọ Jókòó Létí Adágún Omi Àgódi

Bí obìnrin Mùsùlùmí kan ní Ìlá-Ọ̀ràngún bá ní òun ń jáde nílé, ibi tí àwa ọkùnrin rò pé ó lè máa lọ kò pọ̀: ọjà ni, oko ni, ibi ìsọmọlórúkọ ni, tàbí ilé òkú. Kí ó wá sọ pé etí omi ni òun fẹ́ lọ jókòó sí, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí òun lára, àwọn tí yóò bèèrè pé kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ yóò pọ̀ ju àwọn tí yóò kí i pé ó dàbọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ àsàlátù mọ́ṣáláṣí wa mú un wá sí ìpàdé, lẹ́yìn ọdún Iléyá tí ó kọjá, pé àwọn fẹ́ lọ gbafẹ́ ní ọgbà Àgódi ní Ìbàdàn, àríyànjiyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ kò kéré.

Bàbá àgbà kan nínú wa ní eré kò sí nínú ẹ̀sìn. Mo fi sùúrù dá wọn lóhùn pé, "Bàbá, nínú mọ́ṣáláṣí Ànọ́bì wa gan-an, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ni àwọn ará Hábáṣà ti fi ọ̀kọ̀ ṣeré, tí ó sì fi aṣọ rẹ̀ ṣíji bo Àíṣà aya rẹ̀ kí ó lè máa wòran títí ó fi sú u. Ó tilẹ̀ bá a sáré ìje rí. Àíṣà borí lẹ́ẹ̀kan, òun náà sì borí nígbà mìíràn." Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí a máa lọ, ṣùgbọ́n kí ìrun kankan má ṣe kọjá wa. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ọrùn mi ni ó sì bọ́ sí, nítorí èmi ni mò ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí náà.

Bọ́ọ̀sì méjì ni a gbà. Bí a ti kí Àsùbáà tán ni a gbéra, a gba Ìkirun àti Òṣogbo, a já sí Gbọ̀ngán, a sì bọ́ sí ọ̀nà Ìbàdàn. Nígbà tí a dé Aṣejire, tí àwọn ọmọ rí i bí omi ti tẹ́ rẹrẹ, wọ́n pariwo. Mo sọ fún wọn pé odò Ọ̀ṣun tí ó ń ṣàn kọjá ní Òṣogbo náà ni, pé wọ́n sé e síbẹ̀ kí ará Ìbàdàn lè rí omi mu.

Ọgbà Àgódi kò jìnnà sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ rẹ̀ tó 150 éékà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ariwo Mọ́kọ́lá, ó lè ṣòro fún yín láti gbà pé ibi tí igi ṣú dùdù tó bẹ́ẹ̀ wà nítòsí rẹ̀. Àwọn ọmọ sáré lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹranko. Àwọn ìyá ní tiwọn bọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí adágún omi wà, wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, wọ́n tú ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Lẹ́yìn èyí, wọn kò ṣe nǹkan kan mọ́. Ẹni tí ó bá mọ àwọn ìyá wa yóò mọ̀ pé nǹkan ńlá ni mo sọ yìí. Màmá kan tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún na ẹsẹ̀, ó ń wo omi, ó wá sọ pé, "Láti ìgbà tí mo ti dáyé, bí mo bá ti rí omi, rírù ni mò ń rù ú. Òní ni mo kọ́kọ́ jókòó wò ó."

Ẹnikẹ́ni kò fèsì. Mo rí i pé àwọn kan nínú wọn fi ìborùn nu ojú.

Àwọn mélòó kan wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Wọ́n pe "Bísímílàhì" tó bẹ́ẹ̀ tí atukọ̀ fi ń rẹ́rìn-ín. Ti omi ìlúwẹ̀ẹ́ ni kò bá wa lára mu, nítorí tọkùnrin tobìnrin ni ó ń wọ inú rẹ̀ pọ̀. Àwọn ọmọbìnrin wa dúró létí rẹ̀, wọ́n ń wò, ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì. Èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ wọn níbẹ̀. Bí irú ibi bẹ́ẹ̀ bá lè ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún obìnrin nìkan, tí obìnrin sì jẹ́ olùṣọ́ wọn, àwọn tí yóò sanwó yóò pọ̀. Nígbà tí Àìlà tó, a bu omi sínú búútà tí a gbé láti ilé, a ṣe àlùwàlá, mo pe ìrun lábẹ́ igi. Kí a tó ka ìkámà tán, àwọn ìdílé méjì tí a kò mọ̀ rí ti wá tò sẹ́yìn wa.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wo omi náà bí ó ti dákẹ́ kí ẹ gbàgbé ohun tí ó ti ṣe. Odò Ògùnpa ni wọ́n sé níbẹ̀. Ní 1967 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ògọ́ọ̀sì 1980, òjò ńlá rọ̀, Ògùnpa kún bo ilé, ó gbé mọ́tò, ẹ̀mí tí ó bá a lọ sì lé ní 200. Ó gbá púpọ̀ nínú àwọn ẹranko ọgbà náà lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ń gbé Ìbàdàn nígbà náà. Ó sọ ọ́ fún àwọn ọmọbìnrin wa bí òun ti pọn ọmọ, tí òun di ọwọ́ èkejì mú, tí òun gun òkè ilé onílé lọ nínú òkùnkùn. Ilẹ̀ tí wọ́n dà sínú odò, àti ilé tí wọ́n kọ́ sí etí rẹ̀, wà lára ohun tí ó dí omi lọ́nà. Àwa ni a máa ń sọ pé omi kò lọ́tàá, àwa náà ni a ń da ọ̀rá àti ewé mọ́ínmọ́ín sí i lójú ọ̀nà. Kí a tó kúrò níbẹ̀, màmá tí ó sọ ìtàn náà fúnra rẹ̀ ni ó dúró lórí àwọn ọmọ títí wọ́n fi ṣa gbogbo ewé wa sínú àpò. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ọgbà náà ṣe, wọ́n sì tún ṣí i ní 2014.

Lójú ọ̀nà àbọ̀ ni ìyá kan bèèrè pé, "Ààfáà, ṣé kò sí irú omi báyìí lọ́dọ̀ wa ni?" Ó wà. Ìtàkùn omi Ayíkúnnugbá wà ní Òkè-Ìlá, níbi tí àwọn ará wa wà lẹ́yìn àwọn òkè, tí Ọ̀ràngún tiwọn náà wà lórí ìtẹ́. Omi náà ń já bọ́ láti orí àpáta, igbó sì yí i ká. Kò gba ìrìn àjò odindi ọjọ́ kan. Ohun tí èmi yóò fẹ́ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa méjèèjì jọ rò ni pé kí obìnrin tí ó bá mú ọmọ lọ síbẹ̀ lè rí ilé ìgbẹ́ tí ó mọ́, kí ó rí irin tí yóò dì mú lórí àpáta, kí ó sì rí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí yóò tẹ́ ẹní sí.

Àwọn ìyá kò dúró de ìyẹn. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó lọ́jọ́ àsàlátù, a ó sì lọ nígbà tí òjò bá ń rọlẹ̀ tí omi kò tíì fà. Ẹni tí yóò bá wa lọ, kí ó wọ bàtà tí kì í yọ̀, kí ó gbé búútà tirẹ̀ dání, kí ó sì má ṣe jẹ́ kí ọmọ kékeré ṣáájú rẹ̀ dé orí àpáta.