Jẹnẹrétọ̀ tó ti gbó: ìgbà wo la máa sọ pé ó tó gẹ́ẹ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi, jẹnẹrétọ̀ ilé yín, ọdún mélòó ló ti lò? Ẹ má sọ fún mi pé "ó ṣì ń ṣiṣẹ́" o. Mi ò bi yín bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Mo ní ọdún mélòó, àti pé èló ló ń jẹ lóṣù? Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, thread yìí máa gùn díẹ̀.

Apá Badore, ní Ajah, ni mò ń gbé pẹ̀lú Mọ́mì àti àbúrò mi ọkùnrin. Fídíò ni mò ń gé jẹun. Bí iná ò bá sí, owó ò wọlé. Mọ́mì ń ta ẹja inú fíríísà níwájú ilé: Títùs, pánlá, ṣáwà. Bí iná ò bá sí, ẹja á bàjẹ́. Torí náà, jẹ́ń kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì nílé wa rárá.

Dádì ló rà á lọ́dún 2014, 2.5kVA. Dádì ti kú báyìí. Ìgbàkígbà tí mo bá dá a lábàá pé ká pààrọ̀ ẹ̀rọ yẹn, ohun kan náà ni Mọ́mì máa ń sọ: "Ẹ̀rọ bàbá yín ni." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ta ló fẹ́ bá opó jiyàn lórí nǹkan tí ọkọ ẹ̀ fi sílẹ̀? Kì í kúkú ṣe irin yẹn ló ń dáàbò bò, èmi náà mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò yìí. Lọ́dún 2014 tí Dádì rà á, ₦97 ni lítà epo kan. Ní May 29, 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí oṣù yẹn tó parí, NNPC ti gbé epo dé ₦488 l'Ékòó. Nígbà tó máa fi di October 2024, ó ti di ₦998. Ẹ̀rọ tó ń jẹ epo lájẹjù lọ́dún 2014, ẹ lè máa wò ó níran. Tòde òní, á jẹ owó ilé ìwé ọmọ mọ́ ọn.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Kánádà. Lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, tí wọ́n ń pè ní furnace, ló wà nísàlẹ̀ ilé wọn. Gáàsì ló ń jó, òun ló ń fẹ́ ooru sí gbogbo yàrá nígbà òtútù. Ó ní tó bá ti tó ọdún 15 sí 20, wọn kì í dúró dìgbà tó máa kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Tí owó àtúnṣe bá ti ń sún mọ́ ìdajì owó tuntun, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ jẹ́ń wa lẹ ń sọ yìí o!" A jọ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni mo mú ìwé kan, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sílẹ̀. Ohun tí mo rí nìyí.

Àmì kìíní: epo. Dádì jẹ́ ẹni tó máa ń kọ nǹkan. Lára ògiri ibi tí jẹ́ń wà, ó fi máákà kọ ọ́ síbẹ̀: "4 lítà = wákàtí 5." Ìyẹn pẹ̀lú fíríísà, fáànù mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù. Mo rọ lítà 4 gééré, mo tan àwọn nǹkan yẹn náà, mo sì gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ka àkókò. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40 ló lò.

Ẹ má tíì sáré o. Epo tó ń tètè tán lè jẹ́ ìdọ̀tí lásán. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí mẹkáníìkì fọ kàbùrétọ̀, kó fọ fílítà afẹ́fẹ́, kó pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. A ṣe bẹ́ẹ̀. Ó di wákàtí 3. Kò kọjá ibẹ̀ mọ́. Ohun tí ìtọ́jú lè ṣe nìyẹn, ìyókù, ọjọ́ orí ni.

Àmì kejì: èéfín. Èéfín dúdú, epo ló pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ nínú ẹ́ńjìnì. Kàbùrétọ̀ tàbí fílítà ló sábà máa ń fà á, owó kékeré ni. Ṣùgbọ́n èéfín tó pọ́n bíi búlúù, tí kì í lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná, ọ́ìlì ló ń jó. Ríìnì písítìnì ti jẹ nìyẹn, owó ńlá sì ni. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo I Better Pass My Neighbour, tiyín yàtọ̀. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín po ọ́ìlì mọ́ epo, torí náà kò lè má rú irú èéfín yẹn.)

Àmì kẹta: ọ́ìlì fúnra ẹ̀. Ẹ yọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, ẹ wò ó lónìí, ẹ tún wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá ń lọ sílẹ̀, tí kò sì jò sílẹ̀, ó ń jó o ni. Ẹ tún fa okùn tí ẹ fi ń tan án. Tó bá fúyẹ́ lọ́wọ́ yín bí ìgbà tẹ́ ẹ fa omi lékàǹga tí korobá ò kún, afẹ́fẹ́ ò há mọ́ nínú ẹ́ńjìnì yẹn mọ́.

Àmì kẹrin: iná tó ń lọ sókè sódò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí nìkan ta jẹ́ń tuntun fún yín. Nígbà míì AVR lásán ló bàjẹ́, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Okùn tó já, ọ̀pá epo tó là, pọ́lọ́ọ̀gì, AVR: ìwọ̀nyí ò tó nǹkan tá a ń torí ẹ̀ ra tuntun. Ríìnì, sílíńdà tó ti ha, kọ́ìlì tó jóná, ẹ́ńjìnì tó ń kan kọ́kọ́kọ́ nínú: àwọn yìí ni kẹ́ ẹ jókòó lé lórí, kẹ́ ẹ ṣírò owó.

Àwọn kan á ní, "Tèmi ò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ." Jẹ́ń kì í ka ọdún o, wákàtí ló ń kà. Tẹ́ ẹ bá ń tan án fún wákàtí 6 lójúmọ́, wákàtí 2,190 ni lọ́dún. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni, á ti sá kìlómítà 109,500 lọ́dún kan ṣoṣo! Ọ̀pọ̀ ìwé tó máa ń bá jẹ́ń kékeré wá sọ pé ká máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní wákàtí 100 síra. Fún ẹni tó ń tan wákàtí 6 lójúmọ́, ọjọ́ 17 péré nìyẹn. Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ tiyín gbẹ̀yìn? Ẹ má dáhùn.

Tún wo ibi tá à ń gbé. Òkun Àtìláńtíìkì lápá kan, ọ̀sà lápá kejì. Láti Lekki títí dé Sangotedo, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ là ń mí. Irin tó máa pẹ́ n'Íbàdàn, á ti dípẹtà níbí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí sàlẹ́ńsà tiwa nìyẹn. Ìpẹtà ti dá ihò sí i lára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó kọjú sí ògiri ló wà, kò sẹ́ni tó rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí owó rèé. Fèrèsé àbúrò mi ló sún mọ́ ibẹ̀ jù. Ó ti ń sọ ọ́ fún bí oṣù méjì pé orí ń fọ́ òun láàárọ̀, pé èébì ń gbé òun. Mọ́mì rò pé ibà ni, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, kò sí ibà. Ìgbà tí mo ń kọ wákàtí jẹ́ń sílẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orí fífọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àárọ̀ mẹ́jọ lorí fọ́ ọ. Gbogbo àárọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, jẹ́ń la sùn tì. Àwọn òru tí Nẹ́pà mú iná wá, kò sí nǹkan kan. Ara mi bù máṣọ.

Carbon monoxide lorúkọ ẹ̀. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Tó bá wọnú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń so mọ́ ọn ní ìlọ́po tó ju 200 lọ ju bí atẹ́gùn ọ́síjìn ṣe ń so mọ́ ọn. Á gba ààyè ọ́síjìn lára èèyàn, ẹni tó ti sùn ò sì ní jí láti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Orí fífọ́, òòyì, èébì, ara tó rọ, ọkàn tó dàrú: àwọn àmì ẹ̀ nìyẹn. Gbogbo wa la ti gbọ́ ìròyìn ìdílé tó sùn tí kò jí. Ìdí kan náà ló ń mú káwọn ará Kánádà tètè pààrọ̀ furnace tó bá ti là nínú.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn a ò tan án. Lọ́jọ́ kejì, mo pe bọ̀dá mẹkáníìkì tó ti ń bá Dádì ṣe é látilẹ̀. Ó tú u, ó wò ó, ó nu ọwọ́ ẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Mo lè ṣe é. Ríìnì, sílíńdà, sàlẹ́ńsà, ₦230,000 ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín pé á lo ọdún kan." Tuntun tó dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀, ₦420,000. Ìdajì ẹ̀ jẹ́ ₦210,000. Àtúnṣe ti kọjá ìdajì.

Mọ́mì dákẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ bàbá yín ni."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ jẹ́ ká bi Dádì." Mo mú wọn lọ síbi ògiri yẹn, mo fi ìwé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí Dádì kọ. Lítà 4, wákàtí 5. Lítà 4, wákàtí 3. Wákàtí 6 lójúmọ́, nígbà ayé Dádì, ó ń jẹ kò tó lítà 5. Báyìí lítà 8 ló ń jẹ. Lítà 3.2 là ń jó dànù lójúmọ́. Tí lítà kan bá jẹ́ ₦1,000, bíi ₦96,000 lóṣù nìyẹn. Kí oṣù márùn-ún tó pé, owó yẹn á ti ra jẹ́ń tuntun. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ojú ewé tí mo kọ orí fífọ́ sí.

Wọn ò wo ìṣirò owó yẹn mọ́. Wọ́n fọwọ́ kan ibi tí Dádì kọ̀wé sí. Wọ́n ní, "Àyọ̀ká, kí ló fẹ́ kí wọ́n fi ìwọ̀n sí tó bá jẹ́ pé wọn ò fẹ́ ká máa yẹ̀ ẹ́ wò?" Wọ́n yíjú sí bọ̀dá mẹkáníìkì, wọ́n ní kó gbé e lọ, kó fi àwọn irin ara ẹ̀ tó ṣì dáa tún tàwọn ẹlòmíì ṣe. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

A ra tuntun. Ẹ̀yìn ọgbà la gbé e sí, ó ju mítà 6 lọ sí fèrèsé èyíkéyìí, sàlẹ́ńsà ẹ̀ kọjú síta. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: jẹ́ń tuntun náà ń tú gáàsì yẹn jáde o. Tuntun ò ní kẹ́ ẹ gbé e sí kọ́rídọ̀ tàbí báńkónì. A tún ra alárààmù kékeré tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, òun ló máa ń ké tí gáàsì yẹn bá wọlé. Yàrá àbúrò mi ló wà. Orí ò fọ́ ọ mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí: "Kí ló dé tẹ́ ò ra sólà?" Fíríísà Mọ́mì ni. Sólà àti bátìrì tó máa gbé fíríísà mọ́jú, owó ẹ̀ ò tíì sí lọ́wọ́ wa. A ti ń tọ́jú owó epo tó ń ṣẹ́ kù sí i. Ìwé tí mo kọ yẹn náà ló sì máa sọ ìwọ̀n tá a nílò fún wa, kí ẹnikẹ́ni má baà ta èyí tó ju agbára wa lọ fún wa.

Mo ti kọ tuntun sábẹ́ tí Dádì lára ògiri: ọjọ́, lítà, wákàtí. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta la ó máa wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin náà, kẹ́ ẹ tó tan tiyín lálẹ́ òní, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ wo ẹ̀yìn sàlẹ́ńsà tó kọjú sí ògiri. Ẹ wo fèrèsé ta ló sún mọ́ ọn jù. Tí orí bá ń fọ́ ẹni tó ń sùn níbẹ̀ láàárọ̀, ẹ má tan án. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ gbé onítọ̀hún bọ́ síta, kẹ́ ẹ sì mú un lọ sí ọsibítù. Ẹ fi thread yìí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín tó ń gbé jẹ́ń sí kọ́rídọ̀. Gbogbo wa la ní ọ̀kan.