Èso Jíjẹ Lálẹ́ Lójú Àwọn Ará Kerala

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ìyá ọmọ, ọ̀nà wa jìn díẹ̀ lóṣù yìí. Ìlú Kottakkal ni a ń lọ, ní ìpínlẹ̀ Kerala, ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà. Níbẹ̀ ni oníṣègùn P. S. Varier ti dá Arya Vaidya Sala sílẹ̀ ní ọdún 1902, tí wọ́n sì ń fi Ayurveda, ìṣègùn àtayébáyé ilẹ̀ Íńdíà, tọ́jú aláìsàn títí di òní.

Ilẹ̀ náà kò ní ṣàjèjì lójú yín. Igi àgbọn ni lójú ọ̀nà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni lẹ́yìnkùlé. Odidi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń so kọ́ iwájú ìsọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní nendran, ọmọ ìyá àgbagbà wa ni.

Síbẹ̀, bí ẹ bá bi àwọn tí ń tẹ̀lé Ayurveda bóyá ó dára kí a fi èso pa oúnjẹ alẹ́ dé, wọn yóò ní ó tì. (Ẹ dúró gbọ́ ọ lẹ́nu wọn o, orí mímì níbẹ̀ lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.) Wọ́n ní iná kan ń jó nínú ènìyàn tí ń se oúnjẹ tí a jẹ, agni ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni ó ń mú jù, bí oòrùn bá sì wọ̀, òun náà a rọlẹ̀. Èso tútù, ó sì kún fún omi. Bí a bá kó o lé oúnjẹ lórí nígbà tí iná ti ń kú lọ, yóò dì síkùn, yóò sì ru kapha sókè, èyíinì ni agbára òtútù àti ìwúwo tí ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá. Nítorí náà, àárọ̀ tàbí ọ̀sán ni wọ́n ń fẹ́ kí a jẹ ẹ́, ní òun nìkan. Ìwé àtijọ́ wọn, Charaka Samhita, kọ̀ kí a pa ohun kíkan pọ̀ mọ́ wàrà, ó sì kọ wàrà dídì lálẹ́.

Ní tèmi, n kò ní gba gbogbo rẹ̀ wọlé. Ìmọ̀ ìṣègùn òde òní kò fi hàn pé èso ń di májèlé nítorí pé ilẹ̀ ṣú. Aláboyún tí ìgbẹ́ ń le fún, tí ọjà tàbí ọ́fíìsì kò jẹ́ kí ó ráyè jẹ èso lọ́sàn-án, kí ó má ṣe fi mángòrò alẹ́ du ara rẹ̀. Ọmọ tí ebi ń pa lálẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sàn fún un ju bisikíìtì lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ ọsàn tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tán tí a sì sùn lójú ẹsẹ̀, ó lè ta àyà, pàápàá fún aláboyún. Ẹ jẹ́ kí ó tó wákàtí méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó dùbúlẹ̀. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, ìwọ̀n èso ni kí ó kọ́kọ́ ṣọ́, kì í ṣe aago.

Ohun tí ó wù mí jù níbẹ̀ ni nendran pípọ́n tí wọ́n ń fi ooru omi sè fún oúnjẹ àárọ̀. Àgbagbà wa yóò ṣe é. Ẹ má bó o. Ẹ gé e sí méjì, kí ẹ tò ó sínú ìkòkò bí ẹni ń se mọ́ínmọ́ín, títí èèpo rẹ̀ yóò fi là.