Ẹ Bá Mi Sáìnì, Mà

Ọmọkùnrin náà ṣe ìdánwò, ó kọ ọ́ dé ìparí, olùkọ́ sì fún un ní máàkì 64. Nígbà tí èsì jáde, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò jí máàkì rẹ̀. Kò forúkọ kọ́ọ̀sì náà sílẹ̀ ni. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ló ti ń jókòó sí kíláàsì. Ó ra ìwé, ó ṣe gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá, ó gbé káàdì rẹ̀ kọ́ ọrùn wọ gbọ̀ngán ìdánwò. Ohun kan ṣoṣo tí kò ṣe ni pé kò fi kọ́ọ̀sì náà sórí pọ́tàlì kí wọ́n tó tì í. Lójú yunifásítì, kò ṣe nǹkan kan. Ó wá di dandan kó dúró di ọdún tó ń bọ̀, torí sẹ̀mẹ́sítà kejì nìkan ni wọ́n máa ń kọ́ ọ.

Àdífáísà rẹ̀, olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà lórí kọ́ọ̀sì tó máa ṣe, rántí ọjọ́ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ọmọ náà. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ni. Àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ ti kan àtẹ̀gùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn, bí eléyìí ṣe ń kúnlẹ̀ ni tọ̀hún ń dọ̀bálẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sáìnì." Ó sáìnì. Ó ní bí èèyàn ṣe ń wo rìsíìtì epo mọ́tò lòun ṣe wo fọ́ọ̀mù náà. Láti ọdún yẹn ló ti ń kà wọ́n.

Olùkọ́ ni obìnrin yìí ní ẹ̀ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ kíkọ́ni àti ìwádìí ni wọ́n gbà á fún. Ti àdífáísà yìí, ẹrù tí ọ̀gá ẹ̀ka gbé lé e lórí ni, bí wọ́n ṣe ń gbé agbada ọbẹ̀ lé ìyàwó kékeré lọ́wọ́ lọ́jọ́ àríyá. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìṣirò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Yúnìtì kan dúró fún ẹ̀kọ́ wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15. Àjọ NUC tó ń mójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà ti là á sílẹ̀ pé yúnìtì tí akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún máa ṣe ní sẹ̀mẹ́sítà kan kò gbọdọ̀ dín ní 15, kò sì gbọdọ̀ ju 24 lọ. Ìyẹn rọrùn, àfi bí ẹni tó ní káríóvà mẹ́ta, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí kò yege nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bá wọlé. Káríóvà ló ń kọ́kọ́ jókòó sórí fọ́ọ̀mù, kí kọ́ọ̀sì ọdún tí ọmọ náà wà tó tẹ̀ lé e. Bí gbogbo rẹ̀ bá wá di 28, mẹ́rin gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀, èyí tó bá sì bọ́ sílẹ̀ ti di gbèsè ọdún tó ń bọ̀. Kọ́ọ̀sì míì tún wà tó jẹ́ pé òun ló di ìlẹ̀kùn mú fún òmíràn: ẹni tí kò bá yege nínú ìṣirò ọdún kìíní lè má rí àyè wọ ti ọdún kejì. Àìtètèmólè, olè ń mólóko. Ohun tí ọmọ fojú kéré ní ọdún kìíní, ní ọdún kẹrin ló máa ń yọjú, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rán aṣọ àṣeyẹ.

Ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù tó ti di pàǹtí ni àdífáísà máa ń fi ṣàlàyé CGPA, ìyẹn ìpíndọ́gba èsì, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe yúnìtì 20, tó gba B nínú 17, tó sì gbòdo nínú kọ́ọ̀sì oníyúnìtì 3. Máàkì 4 ni B ní òṣùwọ̀n 5, nítorí náà 68 ló ní. Pín in sí ogún, 3.40 ló kù sọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní C lásán ló gbà nínú kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo yẹn, ìyẹn 3, á ti di 77, èsì rẹ̀ á sì jẹ́ 3.85. Láti 3.50 ni ìpele kejì ti òkè ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣírò rẹ̀ fún wọn. Ó máa ń na bírò sí wọn ni, torí ó ti ṣàkíyèsí pé wọn kì í gbà á gbọ́ títí wọ́n á fi fọwọ́ ara wọn kọ 3.40 yẹn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣirò kọ́ ni gbogbo rẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti dùn nìyí. Ọmọbìnrin kan wá bá a nígbà tí wọ́n ṣì ń gba àfikún àti àyọkúrò, ìyẹn àsìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní "add and drop". Ó fẹ́ yọ kẹ́místírì kúrò. Kí ló dé? Ó ní olùkọ́ náà le. Àdífáísà kò bá a jiyàn.

"Aago mélòó ni wọ́n ń kọ́ ọ?"

"Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mà."

"Níbo lo máa ń wà ní aago mẹ́jọ?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ìdíkọ̀ ló máa ń wà, níbi tó ti ń bá ìyá rẹ̀ dín àkàrà. Ọjọ́ Ajé ni ọjà wọn ń yá jù, torí pé àwọn òṣìṣẹ́ ń padà síbi iṣẹ́. Nínú àkàrà yẹn ni owó ilé ìwé rẹ̀ ti ń wá. Olùkọ́ náà kò le rárá. Ọmọ yìí kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n pín kẹ́místírì náà sí, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ sì ni ti ìkejì. Ìwé pélébé kan àti ìpè fóònù kan ló gbà láti gbé e síbẹ̀. Ká ní àdífáísà kàn sáìnì àyọkúrò náà, ọdún kan gbáko ni ì bá gbà lọ́wọ́ ọmọ náà.

Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ pé ìwà ọ̀lẹ ló ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ẹni ẹ̀yìn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, pọ́tàlì kì í ṣí fún ẹni tí kò tíì sanwó, àwọn tó sì ń sáré dé lọ́jọ́ ìkẹyìn, ẹni tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lọ́wọ́ ló pọ̀ nínú wọn. Láti oṣù Èbìbí ọdún 2024 ni NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ti ń gba ìwé ẹ̀yáwó. Wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún yunifásítì tààrà, wọ́n sì ní àwọn á máa fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 20,000 náírà lóṣù fún ìgbọ́bùkátà. Ìrànlọ́wọ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá ọjọ́ tí owó máa wọlé kọ́ ló ń dá ọjọ́ tí pọ́tàlì máa tì.

Owó nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ètò ẹ̀kọ́ tuntun náà tún dé. Ní ìparí ọdún 2022 ni NUC gbé CCMAS jáde: ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọ̀dọ̀ NUC, ìdá 30 láti ọwọ́ yunifásítì fúnra rẹ̀. Àwọn tuntun bọ́ sínú rẹ̀ láìsí wàhálà, wọ́n ń ṣe GST 111 àti ENT 211 wọn lọ. Àwọn àgbà tó ní káríóvà lábẹ́ ètò àtijọ́ ni ilẹ̀ yẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn: kọ́ọ̀sì tí wọ́n jẹ ní gbèsè ti yí orúkọ padà, òmíràn ti pín sí méjì, òmíràn ti wọlẹ̀ pátápátá. Àdífáísà wá ra ìwé àjákọ kan, ó ń to ìtàn ìdílé kọ́ọ̀sì sínú rẹ̀: eléyìí ni ọmọ tọ̀hún, àwọn méjì yìí ti para pọ̀ di ẹyọ kan, eléyìí kú kò bímọ. Àwọn olùkọ́ ẹ̀ka míì ti ń yá ìwé náà báyìí.

Ẹni tó bá rò pé ọdún àfikún kan kì í ṣe nǹkan bàbàrà, kó bi àwọn tí ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bá nílé ìwé. Láti oṣù Ẹrẹ́nà títí di oṣù Ọ̀pẹ́ ọdún 2020 ni wọ́n fi jókòó sílé, wọ́n tún jókòó fún oṣù mẹ́jọ ní 2022. Ọ̀kan nínú wọn pẹ́ kó tó wọlé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọjọ́ orí rẹ̀ níwájú àdífáísà, torí ẹni tó bá ti lé ní 30 ọdún lọ́jọ́ tó jáde kì í ṣe agùnbánirọ̀ mọ́. Ìwé ìyọ̀ǹda ni NYSC, àjọ àwọn agùnbánirọ̀, máa fún un. Kọ́ọ̀sì oníyúnìtì méjì kan ló wà láàárín òun àti aṣọ kákí. Àwọn tó pààrọ̀ ẹ̀ka náà ní ìṣòro tiwọn: bí wọ́n bá yanjú rẹ̀ nílé ìwé tí wọn kò yanjú rẹ̀ lọ́dọ̀ JAMB tó ń mójú tó ìgbaniwọlé, ìgbà tí NYSC bá fẹ́ gbà wọ́n ni ọ̀rọ̀ máa ń bẹ́ sílẹ̀.

Yunifásítì ń ṣe bí ẹni pé ìbuwọ́lù ni gbogbo iṣẹ́ yìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 150 bá fẹ́ rí àdífáísà kan ní ọjọ́ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, wákàtí 25 nìyẹn. Ta ló fẹ́ bá a kọ́ni láàárín rẹ̀? Obìnrin yìí kò dúró dè wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kìíní ló ti ń pè wọ́n báyìí, ẹni tó sanwó àti ẹni tí kò tíì san, kí oníkálukú fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo kọ́ọ̀sì tó jẹ ní gbèsè sínú tákàdá kó tó débẹ̀.

Ọmọkùnrin oní-64 ló ṣíwájú ìlà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó gbé fọ́ọ̀mù kalẹ̀, kọ́ọ̀sì tó fìyà jẹ ẹ́ ló wà lókè pátápátá. Àdífáísà ní kó ṣí pọ́tàlì lórí fóònù rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ náà, yúnìtì 3. Obìnrin náà gbé bírò, ó sì tún ka fọ́ọ̀mù náà láti òkè délẹ̀.

"GST ọdún kìíní yìí ńkọ́?"

"Mo rò pé mo ti yege nínú rẹ̀, mà."

Ó dé bírò padà, ó ní kó lọ mú àga wá.