Oògùn Tó Wà Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù

Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí èyí tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà n kò lè sọ pé àìmọ̀kan ló fà á.

Jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe Màmá kan tí mò ń tọ́jú, ó sì ti ràn dé egungun wọn. Gbogbo wa ní wọ́ọ̀dù la mọ̀ pé wọn ò ní padà sílé. Dókítà ti kọ mọ́fíìnì olómi fún wọn, mílígíráàmù 10 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, àti àfikún bí ìrora bá tún gbóná láàárín. Wọ́n ti ń mu ún bọ̀, ó sì ti mọ́ wọn lára. Lóru ọjọ́ náà, ó yẹ kí n fún wọn ní tagogo méjì. Wọ́n di irin bẹ́ẹ̀dì mú, wọ́n ń pè mí: "Ọmọ mi, gbà mí o."

Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lápò mi. N kò ṣí i.

Ọmọ wọn ọkùnrin tó wà ní Ìlú Ọba ti pè mí nírọ̀lẹ́: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn ní oògùn tó máa gbé wọn lọ." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Bí wọ́n bá dákẹ́ lẹ́yìn tí mo fún wọn, ta ni wọn yóò ní ó pa wọ́n? Mo bá fún wọn ní paracetamol. Jẹjẹrẹ inú egungun, paracetamol!

Bẹ́ẹ̀ mo ti ka èémí wọn: ìgbà 18 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí mọ́fíìnì bá ti pọ̀ jù lára rẹ̀ a máa tòògbé, èémí rẹ̀ a falẹ̀, ọmọlójú rẹ̀ a kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ojú Màmá là kedere. Síbẹ̀, níwájú aago méjì nínú fáìlì wọn, mo kọ ọ́ pé aláìsàn ń sùn.

Àbúrò wọn ọkùnrin dé ní ìdájí. Ilẹ̀ bàbá wọn ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn tipẹ́. Màmá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àmọ́ ìgbe ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n kú kí oòrùn tó yọ, láìparí gbólóhùn kan.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń di ẹ̀bi ru òfin. Ní Uganda, láti 2004, nọ́ọ̀sì tó bá kọ́ ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́ lè kọ mọ́fíìnì fún aláìsàn fúnra rẹ̀. Ní tiwa, dókítà là ń dúró dè. Òótọ́ ni, àmọ́ dókítà ti kọ tèmi, oògùn sì wà nílẹ̀ (ìyẹn gan-an kì í ṣe ojoojúmọ́). Àgùdà ni mí, mo tọ fáàdá lọ. Wọ́n ní láti 1957 ni Póòpù Pius Kejìlá ti sọ pé a lè fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀tù sí ìrora, bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kódà bí ó bá lè dín ọjọ́ ayé kù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ n kò sọ iye èémí tí mo kà. Kì í ṣe ẹ̀mí Màmá ni mò ń ṣọ́ lóru ọjọ́ yẹn. Orúkọ mi ni.

Ọmọ wọn obìnrin ṣì máa ń pè mí ní Kérésìmesì. Ó ní òun mọ̀ pé a sa gbogbo ipá wa, pé ìrora ìyá òun ló ju agbára oògùn lọ. Mo máa ń gba ọpẹ́ náà.