Nítorí gílóòbù rédíò àtijọ́, Bàbá Ìbejì fọwọ́ kan owó tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ẹ̀

Tẹ́ ẹ bá bi Ìyá Ìbejì ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, pé kí ni wọ́n ń pè ní fáàfù, á ṣàlàyé ẹ̀ fún yín yanjú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ ẹ̀ kọ́kọ́ gbé mẹ́rin wọlé, gílóòbù lásán ló pè é. Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní ọdún 2022. Bàbá Ìbejì ti ọjà àlòkù dé, ó di páálí kékeré kan mú bí ẹni tó gbé ẹyin, ó sì rọra gbé e sórí tábìlì. Obìnrin náà ṣí i wò, ó rí gíláàsì róbótó mẹ́rin tí ìkọ̀ọ̀kan wọn tó àtàǹpàkò àgbàlagbà.

“Bàbá Ìbejì, èló lẹ ra gílóòbù yìí?”

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ wúkọ́. “Kì í ṣe gílóòbù, Ìyá Ìbejì. Fáàfù ni. Mullard ni wọ́n.”

“Èló ni Mullard ọ̀hún?”

240 pọ́n-ùn ni. Ibi tí owó náà ti jáde gan-an ni ìjà wà, nítorí inú owó tíkẹ́ẹ̀tì ni. Odidi ọdún kan ni tọkọtaya yìí fi ń tu owó jọ kí àwọn ìbejì wọn, tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọn ò sì tíì fojú kan ìyá tó bí bàbá wọn, lè lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó nínú oṣù Dísẹ́ḿbà. Màmá ti ń ka oṣù nílé. Ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé àwọn Táyé-Kẹ́hìndé òun ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó dá ọkùnrin náà lẹ́jọ́, ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀ náà. Bàbá tó bí i ní rédíògírámù kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà tó wà ní kékeré, ìyẹn rédíò ńlá onípákó tó tún ń lu àwo. Tí wọ́n bá tan nǹkan ọ̀hún, kì í sọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àfi kí fáàfù inú ẹ̀ kọ́kọ́ gbóná. Ọmọdé tó bá yọjú wò ó láti ẹ̀yìn á rí iná pupa rúsúrúsú nínú gíláàsì, á máa gbóòórùn eruku tó ń yá gágá, ìgbà yẹn ni ohùn Haruna Ishola á tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ìlú wọn ni Haruna, ọdún 1983 ló kú. Lọ́dún 1985, NEPA gbé iná tó lágbára jù wá, rédíògírámù náà sì dákẹ́ títí láé. Nígbà tí bàbá náà kú lọ́dún 2016, àpótí àwo ẹ̀ ni ọmọ yìí ní òun ń fẹ́, kò bá wọn du ilẹ̀. Ó gbé e wá sí Lọ́ńdọ̀nù.

Àwo wà, kò sí ohun tí yóò lù ú bó ṣe ń dún láyé ìgbà yẹn. Òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń wa bọ́ọ̀sì, tó fẹ́ kó kúrò nílé, ló wá ta á lọ́rẹ Leak Stereo 20. Ampilifáyà ni, ilé iṣẹ́ Leak ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀ ló ń ṣe é láti ọdún 1958. Fáàfù ECC83 mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, EL84 mẹ́rin, àti GZ34 kan tó ń tún iná ṣe fún gbogbo wọn. Ó ń dún, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ há. Bàbá Ìbejì wo ara EL84 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò rí orúkọ kankan, eruku ti bò wọ́n, òkè wọn ti dúdú. Ó ní ìdọ̀tí nìyí. Ó kó wọn sínú ọ̀rá, ó sì gba ọjà lọ.

Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀. Mẹ́rin tuntun tó rà wọ ihò wọn, orúkọ Mullard funfun gbòò lára wọn, ohùn sì jáde. Fún ọjọ́ mẹ́fà, Bàbá Ìbejì ń fọ́nnu. Lálẹ́ ọjọ́ keje, ọ̀kan nínú ọmọ ẹ̀ pariwo pé, “Dádì, ọ̀kan ti pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ!” Òótọ́ ni. Kì í ṣe iná rúsúrúsú tó yẹ kó máa tàn láàárín fáàfù ni, páànù inú ẹ̀ gan-an ló ti pọ́n rokoṣo. Ó sáré yọ wáyà. Tó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, tiransífọ́mà inú ẹ̀ ni ì bá jóná, ìyẹn ló sì ṣòroó rí jù nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan wà ní Woolwich, ọmọ Abẹ́òkúta, tó kọ́ṣẹ́ rédíò ní Mushin láwọn ọdún 1960. Ilé ẹ̀ ni wọ́n júwe fún un. Bàbá Ìbejì dọ̀bálẹ̀, ó gbé ẹrù ẹ̀ kalẹ̀. Bàbá ò fọwọ́ kan ampilifáyà rárá. Ọ̀kan nínú fáàfù 240 pọ́n-ùn yẹn ló mú, ó fà á mọ́ra, ó há èémí sí gíláàsì ẹ̀ lára, ó sì tanná tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́.

“Ìwọ ọmọ yìí, wá wò ó.”

Lábẹ́ Mullard funfun yẹn, ibi tí èémí ti bò, àmì míì tí wọ́n ti nù kúrò ń yọ fìrífìrí. Lẹ́tà àwọn ará Rọ́ṣíà ni. Bàbá ní 6P14P ni, àwọn Rọ́ṣíà ló ń ṣe é, òun náà sì máa ń ṣiṣẹ́ dípò EL84. Kò burú, ó tiẹ̀ le dáadáa, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń fi owó pọ́ọ́kú rà á. Ẹni tó fi orúkọ ẹlòmíràn tà á ni gbájúẹ̀.

“Ta ló sọ fún ọ pé orúkọ là ń rà?” ni Bàbá wí. Ó ní láyé ìgbà yẹn gan-an, àwọn ilé iṣẹ́ ń ra fáàfù lọ́wọ́ ara wọn, oníkálukú á sì tẹ orúkọ tiẹ̀ sí i. Èyí tí wọ́n ṣe nílùú Blackburn lè jáde pẹ̀lú orúkọ míì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀dà orúkọ Mullard gidi kì í fara mọ́ gíláàsì títí. Fọwọ́ nù ún báyìí, ó ti lọ. Torí náà, kí orúkọ má sí lára ẹ̀ kò sọ ọ́ di ayédèrú, kó sì funfun gbòò lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún kò sọ ọ́ di ojúlówó. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi asọ tútù nu fáàfù àtijọ́ o.

Ohun tí wọ́n ń wò ni lẹ́tà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ gíláàsì, eléérú ni, kì í tètè parẹ́ bí orúkọ. Ìlà méjì ni. Ti òkè ń sọ irú fáàfù tó jẹ́. Ti ìsàlẹ̀ ló ń sọ ilé iṣẹ́ àti ọjọ́. Bó bá jẹ́ B4F2, B ni Blackburn, 4 ni ọdún tó parí pẹ̀lú 4, F ni oṣù kẹfà, 2 ni ọ̀sẹ̀ kejì. R ni Mitcham, D ni ti Valvo ní Hamburg, àmì onígun mẹ́ta sì ni ti Philips ní Heerlen, ní Holland. Ó kù síbì kan: 4 yẹn lè jẹ́ 1964, ó lè jẹ́ 1974, ìlà òkè àti bí inú fáàfù ṣe rí ni wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti Telefunken, àwọn ará Jámánì, tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yí ECC83 wọn sókè, ẹ wo àárín ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Àmì dáyámọ́ǹdì kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n yọ mọ́ gíláàsì fúnra ẹ̀, kì í ṣe ọ̀dà. Bí dáyámọ́ǹdì ò bá sí, ẹ jẹ́ kí olówó ẹ̀ máa gbé e lọ.

Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé fáàfù kan lè jẹ́ orúkọ mẹ́ta. ECC83 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní 12AX7, àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì sì ní CV4004. Ẹni tí ò mọ̀ á fojú fo ojúlówó tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní póò, torí pé nọ́ńbà ológun ló wà lára ẹ̀.

Bàbá Ìbejì ní òkè àwọn tó wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ dúdú. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tó wà lókè yẹn ni wọ́n fi ń gba afẹ́fẹ́ tó bá ṣẹ́kù nínú gíláàsì. Tó bá ń dán bíi dígí, tàbí tó ṣú díẹ̀, kò sí wàhálà. Bó bá ti funfun bí ẹfun, afẹ́fẹ́ ti wọlé, òkú ni.

“Àwọn tó o yọ yẹn ńkọ́?”

Ẹnu Bàbá Ìbejì wọhò. Ó tẹ Ìyá Ìbejì láago. Obìnrin náà ní inú ọ̀rá lábẹ́ síǹkì ni wọ́n wà, òun ti fẹ́ dà wọ́n nù lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ọ̀rá náà wọ bọ́ọ̀sì wá sí Woolwich fúnra ẹ̀, torí ó fẹ́ mọ ibi tí owó àwọn ọmọ ẹ̀ gbà lọ. Bàbá tanná tọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀ wọn. B ló bẹ̀rẹ̀ ìlà ìsàlẹ̀ lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Blackburn.

“Ẹ fi 240 pọ́n-ùn lọ ra ohun tó wà nínú ọ̀rá,” ni Ìyá Ìbejì wí. Kò pariwo. Ìyẹn ló dun ọkọ ẹ̀ jù.

Bàbá gbé wọn sórí ẹ̀rọ Avo ẹ̀ tó ń dán fáàfù wò. Méjì ṣì lágbára, wọ́n sì ń gba iná dọ́gba, ìyẹn sì ṣe pàtàkì torí méjì-méjì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ bí ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́ kan náà. Ọ̀kan ti rẹ̀, ìkẹrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó wá tú abẹ́ ampilifáyà. Ó kìlọ̀ fún Bàbá Ìbejì kó má dánwò nílé, torí iná tó wà níbẹ̀ tó pa èèyàn, kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ wáyà. Kàpásítọ̀ mẹ́rin tó ń gbé ohùn wọ EL84 ló kọ́kọ́ wọ̀n. Wọ́n ti ń jò. Ó ṣàlàyé fún Ìyá Ìbejì pé àwọ̀n kan wà nínú fáàfù tó dà bí ọwọ́ tó di ẹnu ẹ̀rọ omi mú. Bí kàpásítọ̀ bá jò, ọwọ́ yẹn á tú, iná á máa ya wọlé bí omi, páànù á sì pọ́n. Fáàfù yòówù kí wọ́n rà, á bá a lọ. Kàpásítọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tuntun ò ju owó oúnjẹ ọ̀sán lọ.

Fún ẹ̀gbẹ́ kejì, Bàbá ní kó ra méjì tuntun tí wọ́n ṣe ní Slovakia, kó jẹ́ ìlọ́po tó bára mu. Ọjà tuntun náà ti wọ́n sí i lọ́dún yẹn, nítorí ní oṣù kẹta 2022 ni ìjọba Rọ́ṣíà dí ọ̀nà tí fáàfù ìlú Saratov ń gbà lọ sókè òkun, tí gbogbo ayé wá ń sáré sí Slovakia àti Ṣáínà. Ó ṣì dínwó sí ti ayédèrú yẹn dáadáa. Ẹni tó ta tiẹ̀ fún un ńkọ́? Bàbá Ìbejì padà lọ sọ́jà náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò bá a lórí ìjókòó mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ampilifáyà gbóná tán, Haruna bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ní Peckham. Ìyá Ìbejì jókòó tì í, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó ń ka ìsàlẹ̀ ECC83 fáwọn ọmọ. Fóònù dún. Màmá ni, láti Ìjẹ̀bú-Igbó.

“Ohùn ta ni mò ń gbọ́ yẹn? Àbí àwo bàbá yín ni?”

“Àwọn ni, Màmá.”

Ìyá dákẹ́, ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá béèrè bóyá wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Dísẹ́ḿbà. Bàbá Ìbejì wo ilẹ̀. Ìyá Ìbejì gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀.

“Ẹ má bínú, Màmá. Iṣẹ́ ni ò gbà mí láyè. Ọdún Àjíǹde la máa wá.”